Olóòróró Sábó: Èyí Tí Mo Rà, Èyí Tí Mi Ò Rà

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí tó ṣe kókó, torí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ò ní kà á dé ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá ń wá òróró olóòórùn dídùn tí owó rẹ̀ ò ní gbọ́n àpò yín gbẹ, tí ẹ ó pa láàárọ̀ tí yóò ṣì máa ta sánsán nígbà tí ẹ bá ń bọ́ aṣọ lálẹ́, ìsọ̀ Àlàájì kan wà ní Sábó, níbí ní Ìbàdàn, tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ òróró tí ẹ fẹ́ fi mú ọkọ ọlọ́kọ lẹ ń wá, tàbí èyí tí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ yóò gbóòórùn rẹ̀ tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìnídìí, irú òróró àwúre bẹ́ẹ̀ náà wà lórí àtẹ rẹ̀ o. Èmi ò kàn ní bá yín dá sí ìyẹn ni. Màá sọ ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Iṣẹ́ alásè ni mò ń ṣe. Ìkómọ, ìgbéyàwó, òkú àgbà, ìṣílé, èmi ni wọ́n ń pè. Igi la fi ń dáná, kì í ṣe gáàsì, torí ìrẹsì òde tí kò bá gbọ́ òórùn igi, àwọn ará Ìbàdàn á jẹ ẹ́ tán, wọn á tún ní kò dùn. Ẹni tó ti dúró ti àrò láti òru, tó dín ẹran, tó dín ẹja, tó da irú sínú epo gbígbóná, tó ro ẹ̀fọ́, ẹ mọ bí ara onítọ̀hún yóò ṣe máa rùn. Kì í ṣe òórùn burúkú ṣá. Òórùn owó ni. Àmọ́ kì í jẹ́ kéèyàn sinmi: ó wà nínú irun, ó wà lábẹ́ èékánná, ó wà nínú kọ́ńmú. Mo lè wẹ̀ kí n tún un wẹ̀, kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ ha gbogbo ọwọ́, tí mo bá sì forí lé ìrọ̀rí báyìí, irú ni.

Ọ̀rá ló fà á. Òórùn irú àti ti ata díndín a máa wọnú epo, epo a sì lẹ̀ mọ́ awọ àti irun, omi lásán ò rí i ṣe. Ohun kan náà yìí ló ń jẹ́ kí òróró olóòórùn pẹ́ lára ju lọ́fínńdà tí wọ́n ń fín lọ. Èyí tí wọ́n ń fín, ọtí líle ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọtí yẹn á fò lọ kíákíá, á gbé òórùn náà káàkiri yàrá, gbogbo èèyàn á gbọ́ ọ, kó tó di pé wọ́n gbé jíjẹ-mímu dé, ó ti lọ. Òróró kì í fò bẹ́ẹ̀. Ara yín ló ń jókòó sí, ẹni tó bá sún mọ́ yín ló ń gbọ́ ọ. Fún èmi tí mò ń gbé irú kiri, ohun tó bá lè bá irú du ìjókòó ni mo nílò.

Ẹ lè máa rò ó pé kí ló kan àwúre nínú èyí. Ó kàn án. Tí mo bá ti òde dé, tí mo wẹ̀ tán, kí n tó wọ aṣọ, mo máa ń kán àlùmísíkì, òróró tí àwọn òyìnbó ń pè ní musk, sí ẹ̀yìn etí méjèèjì àti sí kọ̀rọ̀ ìgúnpá. Èmi nìkan ni mo máa ń wà ní yàrá nígbà náà, ilẹ̀kùn á sì wà ní títì. Mo ní ohun tí mo máa ń sọ sí i: “Iná ti kú, àwo ti mọ́, mo ti délé.” Ó parí. Kò sí ẹyẹlé ńbẹ̀, kò sí atare. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn lọ, alásè ti jáde. Ẹni tó bá ní kí n wá tọ́ iyọ̀ ọbẹ̀ wò, kó lọ wá ẹlòmíì. Àwọn ọmọ mi gan-an ti mọ̀ ọ́n. Tí wọ́n bá ti gbọ́ àlùmísíkì lára mi, wọn kì í bi mí mọ́ pé kí la máa jẹ, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n wọn ni wọ́n ń gbà lọ. Ẹ bá mi wá àwúre tó ṣiṣẹ́ jùyẹn lọ.

Ti òwò tún yàtọ̀. Tí mo bá ń lọ jókòó pẹ̀lú ìyá ìyàwó tàbí àwọn olókùú láti sọ̀rọ̀ iye àwo àti iye owó, úùdù, òróró oje igi olóòórùn kan, ni mo máa ń pa, lọ́rùn ọwọ́, fẹ́ẹ́rẹ́. Mi ò sọ pé úùdù ló ń mú wọn sanwó o, ẹ má gbọ́ mi ní àgbọ́yé òdì. Èmi ló ń mú dúró. Tí wọ́n bá ní, “Ìyá Alásè, ẹ ṣàánú wa, ara kan náà ni gbogbo wa,” màá fọwọ́ lẹ́rán bí ẹni tó ń rò ó, màá gbọ́ úùdù yẹn, iye tí mo ti pinnu kí n tó kúrò nílé á sì padà sí mi lẹ́nu. Ọjọ́ tí mi ò bá pa á, mo máa ń tètè gbà fún wọn. Mo ti wò ó títí, bẹ́ẹ̀ ló ṣe rí.

Ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní kì í ṣe àlá ni mò ń lá. Ó ní ohun tí a bá fojú rí tàbí tí a fetí gbọ́ a máa kọ́kọ́ gba ibùdó kan kọjá nínú ọpọlọ, thalamus ni wọ́n ń pè é, kó tó dé ibi tó ń lọ. Òórùn kì í dúró níbẹ̀. Láti imú, ọ̀nà àbùjá ló ń gbà lọ síbi tí ìrántí, ìbẹ̀rù àti ìfẹ́ ń gbé. Ó ní lọ́dún 2004 ni wọ́n fún Richard Axel àti Linda Buck, ará Amẹ́ríkà làwọn méjèèjì, ní ẹ̀bùn Nobel torí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí bí imú ṣe ń mọ òórùn kan yàtọ̀ sí òmíràn, àti pé nǹkan bíi 400 oríṣi ohun tó ń gba òórùn ló ń ṣiṣẹ́ nínú imú ọmọ èèyàn. Mo bi í pé ṣé gbogbo 400 ọ̀hún ló ń gbọ́ irú lára mi ni. Ó rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ó yé mi. Tí mo bá ń pa òróró kan fún iṣẹ́ kan náà, tó bá pẹ́ títí, òórùn yẹn á di kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí mi kì í fi da wọ́n pọ̀: àlùmísíkì kì í bá mi lọ síbi òwò, úùdù kì í wọ yàrá mi. Nídìí àrò ńkọ́? Mi kì í pa nǹkan kan rárá. Alásè tó pa lọ́fínńdà ò ní tètè gbọ́ ìgbà tí ìdí ìkòkò bá fẹ́ jóná. Mo ti lé ọmọọṣẹ́ padà lọ wẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ìyá rẹ̀ sì ń bínú sí mi títí dòní.

Ó yá, ìsọ̀ náà. Láti Dùgbẹ̀, ẹ wọ Máíkírà tó ń lọ Mọ́kọ́lá, ẹ sọ̀, ẹ béèrè Sábó. Ẹ ó kọjá lára àwọn tó ń ṣẹ́ dọ́là, ẹ ó gbóòórùn súyà, ẹ má jẹ́ kí èyíkéyìí nínú wọn dá yín dúró. Ìsọ̀ náà ò gbà ju èèyàn mẹ́ta lọ, kò sì ní pátákó. Imú yín ni yóò júwe rẹ̀. Àlàájì tó ni ín, Sábó ni wọ́n bí i sí, Hausa ni bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹ bá dijú tí ẹ ń gbọ́ ọ bó ṣe ń náàjà, ẹ ó ní ọmọ Ọjà'ba ni.

Inú agolo alumíníọ̀mù ńláńlá lòróró wà, wọ́n tò wọ́n sẹ́yìn gíláàsì. Tí ẹ bá dárúkọ ọ̀kan, Àlàájì kì í gbé agolo fún yín kí ẹ wá ti imú bọ̀ ọ́. Á ṣí i, á ti ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú rẹ̀, á nù ún létí agolo kó má baà kán sílẹ̀, á wá fi kan ẹ̀yìn ọwọ́ yín. “Ẹ má fi ọwọ́ kejì ra á o. Ẹ fi í sílẹ̀.” Ẹ ó wá dúró. Á máa bá yín sọ̀rọ̀ epo bẹntiróòlù, á máa bá yín sọ̀rọ̀ òjò, kò ní bi yín pé ṣé ẹ ti yàn. Ibí yìí ló ti gba ọkàn mi. Òórùn tí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ kọ́ lẹ ó máa bá gbé. Ti ọsàn àti ti ewé tó wà lókè ló ń kọ́kọ́ lọ, ti òdòdó á tẹ̀ lé e, ohun tó bá kù ní ìdí, igi, oje, àlùmísíkì, òun lẹ ó gbé sùn. Àwọn tó ń ta á nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ mọ èyí dáadáa. Wọ́n á fín in sí yín lára láti ojú fèrèsé, ẹ ó sanwó kí ọkọ̀ tó ṣí, kẹ́ ẹ tó délé ó ti di omi.

Tí ẹ bá ti gbọ́ mẹ́ta, kò ní fún yín ní ẹ̀kẹrin. Á ní kí ẹ bọ́ síta kí ẹ lọ mí. Ọ̀rọ̀ gidi ni, torí imú a máa rẹ̀. Òórùn tó bá ti bá a jókòó pẹ́, kò ní kà á sí mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ní òróró kan kì í pẹ́ lára yín, ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó jókòó tì yín nínú ọkọ̀ kí ẹ tó tún un pa. Òun ṣì ń gbọ́ ọ. Ó tiẹ̀ ti lè máa gbọ́ ọ jù.

Ìgbà tí ẹ bá yàn tán ló máa mú síríńjì, irú tilé ìwòsàn, àmọ́ tí kò sí abẹ́rẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Òróró kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, wọ́n lẹ bébà orúkọ mọ́ ọn lára kí òórùn má baà ko òórùn. Á fà á, á gbé e sókè síbi ìmọ́lẹ̀, á fi ìka ta á kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, á wá tì í jẹ́jẹ́ sínú ìgò kékeré. Mo máa ń wo ìlà ara síríńjì yẹn bí mo ṣe máa ń wo òṣùwọ̀n aláta. Mílì mẹ́ta, mílì mẹ́fà, mílì méjìlá, iye tó bá pè lẹ ó rí. Àwọn bàbá arúgbó tó ń wá síbẹ̀ ṣì ń béèrè tọ́là, òṣùwọ̀n àtijọ́ ti àwọn ará Íńdíà, tó jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 11.66. Òun náà á fà á fún wọn, kò ní wo ìlà.

Àlùmísíkì funfun, mílì mẹ́fà, ₦3,000 ni mo rà á. Kò sí ẹ̀jẹ̀ ẹran kankan nínú rẹ̀, mo bi í léèrè. Láyé ijọ́un, inú àpò kan lábẹ́ ikùn akọ ẹranko kan tó jọ àgbọ̀nrín, ní agbègbè àwọn òkè Himalaya, ni wọ́n ti ń rí ojúlówó rẹ̀, pípa ni wọ́n sì ń pa ẹran náà. Èyí tó wà lọ́jà báyìí, èèyàn ló pò ó. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tiẹ̀ ń wá nǹkan mìíràn ni: lọ́dún 1888, Albert Baur ń ṣiṣẹ́ lórí ohun abúgbàù, ìbátan TNT, ó wá rí i pé ohun tóun pò ń ta sánsán bí àlùmísíkì. Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni mo mọ ìdí tó fi máa ń lé irú jáde! Ẹ ṣáà jẹ́ kí ẹlòmíì bá yín gbọ́ ọ kí ẹ tó rà á o, torí àwọn kan wà tí imú wọn ò gbọ́ àwọn oríṣi àlùmísíkì kan rárá, kì í ṣe àìsàn. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọọṣẹ́ mi wà bẹ́ẹ̀. Mo kán an sí i lọ́wọ́, ó ní, “Mà, omi ni.” Àwa yòókù ń gbọ́ ọ láti ẹnu ọ̀nà.

Úùdù ló wọ́n jù nínú ohun tí mo ń rà níbẹ̀, ₦7,000 fún mílì mẹ́ta. Kí ẹ má baà gba ohun tí kì í ṣe òótọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ara igi Aquilaria ni úùdù ti ń wá, ní apá Assam ní Íńdíà, ní Cambodia, àti láwọn ilẹ̀ tó yí wọn ká. Igi tí ara rẹ̀ dá kì í ní in. Ìgbà tí igi náà bá fara gbọgbẹ́, tí olú tíńtìntín wọ ojú ọgbẹ́ náà, tí igi bẹ̀rẹ̀ sí í sun oje dúdú láti fi gbèjà ara rẹ̀, oje yẹn ni úùdù. Wọ́n ti gé igi ọ̀hún débi tí òwò rẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè fi wà lábẹ́ CITES, àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo igi àti ẹranko tó lè run. Ta ló máa wá ta irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún alásè ní ₦7,000? Mo bi Àlàájì ní tààrà. Kò tiẹ̀ ronú. “Ìyá Alásè, bó bá jẹ́ ojúlówó ni, ẹ ó ta gbogbo ìkòkò yín.” Ó ní díẹ̀ wà nínú èyí tí òun ń tà, èyí tó kù, wọ́n pò ó ni. Mo ti bá àwọn olóòróró míì pàdé láàárín ìlú yìí tí wọ́n fi Kùránì búra fún mi pé tiwọn ò ní àdàlù, ní ìdajì iye yẹn. Mo sì fẹ́ràn rẹ̀, àdàlù tàbí kò ní àdàlù. Ó ń rùn bí ìsàlẹ̀ àpótí tí àgbà fi pamọ́, igi, awọ ẹran, pẹ̀lú adùn díẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe fún ẹni tó fẹ́ kí wọ́n máa ní òun ń ta sánsán bí òdòdó.

Ó ní Bint El Sudan náà, èyí tí gbogbo ìyá àgbà wa mọ̀, tó ní àwòrán ọmọbìnrin Súdànì lára ìgò. Ilé iṣẹ́ W. J. Bush ti ìlú Lọ́ńdọ̀nù ló gbé e jáde ní 1920, ó sì tàn ká Àríwá títí dé ọ̀dọ̀ tiwa. Àpótí ìyá mi àgbà, òun àti káńfọ̀ ló máa ń jáde tí wọ́n bá ṣí i. Ó dùn jù fún mi láti pa, ó ń wọni lórí lóòrùn ọ̀sán.

Húmúrà wà ńbẹ̀, ìyàwó Àlàájì ló ń pò ó nílé. Àwọn obìnrin Borno ló gbajúmọ̀ fún un. Ó ki, ó dúdú, wọ́n sì máa ń lò ó fún ìyàwó tuntun. Èyí tí mo rà dára púpọ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ara ni kí ẹ pa á sí. Tó bá kan léèsì, ẹ ti ba léèsì yẹn jẹ́ nìyẹn. Òróró yòókù náà máa ń fi àbààwọ́n sára aṣọ funfun àti àdìrẹ. Ẹ kọ́kọ́ pa á, ẹ jẹ́ kó wọra, kí ẹ tó wọṣọ. Tùràrí tí wọ́n ń jó lórí ẹyin iná, mi ò ní sọ̀rọ̀ lórí ìyẹn. Èéfín tó mi lẹ́nu iṣẹ́.

Àtẹ kejì tí mo sọ lókè wá ńkọ́? Ó wà lápá òsì bí ẹ bá ti ń wọlé, àwọn ìgò tó ní bébà pupa lára: ti ojúrere, ti ìfẹ́ràn, ti ọjà títà, ti kí wọ́n máà lè kọ ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu. ₦10,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mílì mẹ́ta. Mo ní kó fi ti ìfẹ́ràn kan ọwọ́ òsì mi, kó fi jásímínì àtẹ ńlá kan ọwọ́ ọ̀tún. Mo jáde síta, mo mí, mo gbọ́ tòsì, mo gbọ́ tọ̀tún. Imú ni mo fi ń jẹun. Mo lè gbọ́ ọ bí ẹnì kan bá fi edé kan ṣoṣo sínú ọbẹ̀ tí ẹlòmíì sè. Òróró kan náà ni. Jásímínì ọ̀hún, ₦2,500 ni. Mo padà wọlé, mo na ọwọ́ méjèèjì sí i. Àlàájì wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ìyá Alásè, ohun tí wọ́n bá béèrè là ń tà.” Kò jiyàn. Kò sì gbé wọn kúrò lórí àtẹ.

Mi ò kì í ṣe ẹni tó ń fi àwúre ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ti fi ọṣẹ wẹ̀ fún mi rí, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ òwò. Ọṣẹ dúdú ni, wọ́n gún ewé mọ́ ọn níṣojú mi, wọ́n pe ọfọ̀ sí i. Kí wọ́n tó gún un, wọ́n bi mí ní orúkọ mi, wọ́n bi mí ní orúkọ ìyá tó bí mi, wọ́n bi mí ní ohun tí mò ń wá gan-an. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nítorí ẹnì kan ni. Ìgò tó wà lórí àtẹ láti àná, tó ń dúró de ẹnikẹ́ni tó bá mú ₦10,000 dání, kò mọ orúkọ ìyá ẹnì kankan. Ẹ̀yin tí ẹ bá rà á, ẹ̀yin náà lẹ máa fi ohùn yín sí i kó tó jẹ́ tiyín, tó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, ti ₦2,500 náà á gbọ́.

Mo ní àbúrò kan ní ìjọ aláṣọ funfun, lọ́fínńdà ò jẹ́ nǹkan àjèjì fún wọn níbẹ̀. Òun ló ṣí Ẹ́kísódù orí 30 hàn mí nígbà tí a ń bá ara wa jiyàn. Ẹ kà á. Bí ẹni ń ka iye èròjà ọbẹ̀ ni: òjíá 500 ṣékélì, kínámónì 250, kálámù 250, kásíà 500, òróró ólífì hínì kan. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló ka èròjà náà fún Mósè, ó sì ní ẹni tó bá po irú rẹ̀ fún ara rẹ̀, kí wọ́n gé e kúrò láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Àbúrò mi ní ohun tó fi hàn ni pé agbára wà nínú òórùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ló dé tí wọ́n fi kìlọ̀? Èmi ní ohun tó fi hàn ni pé kí kálukú lọ po tirẹ̀. Ọkọ mi tó jẹ́ mùsùlùmí dákẹ́ títí a fi sọ tán. Òun máa ń pa òróró lọ sí ìrun Jímọ̀, ó ní sunna ni. Lẹ́yìn náà ló wá rán mi létí hadíìsì tó ní lọ́fínńdà ọkùnrin ni èyí tí òórùn rẹ̀ hàn tí àwọ̀ rẹ̀ pamọ́, tobìnrin ni èyí tí àwọ̀ rẹ̀ hàn tí òórùn rẹ̀ pamọ́. Mo ní kó sinmi, ẹ̀yìn etí ni tèmi wà. Ó ní òun mọ̀.

Ẹ̀dùn ọkàn mi nípa ìsọ̀ yìí ò pọ̀, àmọ́ ó wà. Ìdérí àwọn ìgò kékeré yẹn kì í dè dáadáa. Ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ tó jù ú sínú báàgì, torí àlùmísíkì ti dà sórí owó mi rí, aláta mi ní Bódìjà sì ń gbé náírà sí imú níṣojú àwọn oníbàárà tó ń bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀. Kò sí iye owó lára ohunkóhun, nítorí náà ẹ ná an, ẹ má tijú. Mo ti rí i tó ń pe ₦5,000 fún ẹni tó gbé mọ́tò wá lórí ohun tí mo rà ní ₦3,000. Ẹ má lọ lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀, ó máa ń tì í kó tó lọ kírun, ó sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Tí ikọ́ fée bá ń ṣe yín, ẹ dúró síta kí ẹ rán ẹlòmíì wọlé.

Èyí tó ń dùn mí jù ni òróró igi sáńdálì. Ó tà á fún mi nígbà kan, ó rọ̀, ó ń rùn bíi wàrà àti igi tútù, mo sì ti ní iṣẹ́ tí màá fi í ṣe, èyí tí mi ò ní sọ síbí. Ó ti tán láti ìgbà náà, gbogbo ìgbà tí mo bá béèrè, ó ń bọ̀ lọ́nà. Bí ẹ bá débẹ̀ ṣáájú mi, ẹ bá mi bi í bóyá ó ti dé, kí ẹ sì sọ fún un pé mílì mẹ́fà ni kó fi pamọ́ de Ìyá Alásè, kó má tà á tán fún àwọn ará Bódìjà.